Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tó jẹ eré 7, tó pàdánù 33, ṣé ó ṣì lè gbérí?

Ẹlẹ́búrẹ́dì Òkè-Báálẹ̀ (12 oṣù Karùn-ún 2025)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ bá mi kà á dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ń ṣe ní Òkè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Òru ni tiwa. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la ń da fúláwà sínú ẹ̀rọ. Tó bá fi máa di aago méjìlá a ti gé e, a ti wọ̀n ọ́n, a ti tò ó sínú páànù, ó ku ká jókòó tì í kó wú. Ìjókòó yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń tẹ̀lé bésíbọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti tán lásìkò yẹn, ìlú ti sùn, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí pápá. Aago méje alẹ́ wọn ní New York, aago méjìlá òru wa nìyẹn. Ti Denver níbi tí àbúrò mi ń gbé tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago méjì òru á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìgbà tí páànù àkọ́kọ́ ń wọ ààrò.

Àbúrò mi yìí ló kó bá mi. Lọ́dún 2023 ó fi fìlà ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, fìlà dúdú tí wọ́n kọ CR sí níwájú. Fìlà ọ̀fẹ́, ta ló máa bèèrè bóyá ẹgbẹ́ náà dáa? Mo dé e, mo di ọmọlẹ́yìn Colorado Rockies. Ọdún náà gan-an ni wọ́n pàdánù eré 103. Lọ́dún 2024, 101. Mo ní kò burú, ó ti dín méjì.

Ti ọdún yìí ló wá kọjá ẹ̀rín. Eré 40 ni wọ́n ti gbá, méje péré ni wọ́n jẹ. Lóru Sátidé tó kọjá, San Diego Padres wá bá wọn nílé, ó di 21 sí òdo. Fóònù mi fara ti agolo yíìsì, fúláwà kún ọwọ́ mi méjèèjì, ìgúnpá ni mo fi ń tẹ ojú fóònù kó lè gbé iye tuntun wá. Nígbà tí mo rí 21, mo rò pé dátà ló tán tí fóònù ń sọ ìsọkúsọ. Bàbá Ààrò, ẹni tó ń ti búrẹ́dì wọ iná níbi iṣẹ́ wa, yọjú láti ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Ṣé ọjọ́ orí ẹni tó ń gbá a nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, Padres yẹn kan náà ni wọ́n nà 9 sí 3. Mo ń jó. Kí n tó jó tán, wọ́n ti lé kóòṣì wọn, Bud Black, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2017. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà jẹ gan-an ni wọ́n lé e o! Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn di báyìí.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti Bàbá Ààrò ti ta tẹ́tẹ́, kì í ṣe ti owó. Bàbá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Nítorí Ohtani, ọmọ Japan tó ń ju bọ́ọ̀lù tó tún ń gbá a, ni wọ́n ṣe wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, Los Angeles Dodgers. Mo ní Rockies mi á jẹ tó eré 61, iye tí wọ́n jẹ lọ́dún 2024. Bàbá ní wọn ò ní í jẹ ẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já sí òfo ló máa dá gbé àpò fúláwà, 50 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọkọ̀ dé inú stọ́ọ̀, fún odindi oṣù kan. (Bàbá ti fi kún un pé tó bá jẹ́ àwọn ló pàdánù, ọmọ àwọn ló máa gbé e. Mo gbà. Èmi tí mo gbọ́n.)

Dodgers wọn wá bẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n jẹ eré mẹ́jọ àkọ́kọ́ léraléra. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn ti ń pè mí ní Alápò láti oṣù tó kọjá ni. Àgbà ni wọ́n, mi ò lè fèsì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí lè yí i padà? Nínú sáà tó gùn tó eré 162, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ nǹkan kan ni, àbí Bàbá kàn ń yọ ayọ̀ àyọ̀ṣáájú? Ẹ dá mi lóhùn, àpò fúláwà ò fúyẹ́.

Ọmọ Aládìrẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá fìlà náà padà. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ò fẹ́ràn yín.

Tíṣà Ìgbóǹnà

Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ yọ 7 kúrò nínú 61, ó ku 54. Ẹ yọ 40 kúrò nínú 162, ó ku 122. Ẹgbẹ́ tí kò tíì jẹ tó méjì nínú mẹ́wàá lẹ ń retí pé kó máa jẹ ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá láti òní lọ. Àbúrò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹ̀yìn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ààrò pé kí àwọn náà rọra. Milwaukee Brewers bẹ̀rẹ̀ ọdún 1987 pẹ̀lú eré 13 tí wọ́n jẹ léraléra. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n pàdánù 12 léraléra. Wọ́n parí sáà pẹ̀lú 91, wọn ò sì dé ìdíje àṣekágbá rárá. Tampa Bay Rays náà jẹ 13 àkọ́kọ́ lọ́dún 2023, wọ́n parí pẹ̀lú 99, Texas Rangers wá lé wọn dànù nínú eré méjì péré. Rangers yẹn ló sì gba ife. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì gbé e dé òpin ni Detroit Tigers ọdún 1984: nínú eré 40 àkọ́kọ́, 35 ni wọ́n jẹ. Ẹ wò ó, 35 àti 5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti Rockies yín ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ní ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ burúkú tó sì gbérí, Washington Nationals ọdún 2019 ni ẹ máa fi ń tu ara yín nínú. Wọ́n jẹ 19, wọ́n pàdánù 31. Gbogbo ayé ní kí wọ́n lé kóòṣì. Wọn ò lé e. Wọ́n gba ife lọ́dún yẹn lọ́wọ́ Houston Astros. New York Yankees ọdún 1998 náà pàdánù mẹ́rin nínú márùn-ún àkọ́kọ́, wọ́n sì parí pẹ̀lú 114 àti ife.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ni. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ajubọ́ọ̀lù márùn-ún tó ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ẹnì kan lójúmọ́, tí yóò sì tún kàn án lẹ́yìn tí mẹ́rin yòókù bá ti jù. Ó dà bí ọjọ́ ọjà. Kì í ṣe ọrọọrún gan-an o: bí a bá kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ọjọ́ kẹfà ló máa padà kan ẹni tó kọ́kọ́ jù. Nationals ní Max Scherzer, wọ́n ní Stephen Strasburg. Àwọn tó ń wọlé nígbà tí eré bá fẹ́ parí ló ń ba nǹkan jẹ́ fún wọn, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe. Ẹgbẹ́ tó ní àwọn ajubọ́ọ̀lù gidi lè pàdánù oṣù kan gbáko nítorí pé ayò kan ṣoṣo ló ń já wọn kulẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má wo iye eré tí wọ́n pàdánù nìkan. Ẹ wo iye ayò tí wọ́n jẹ àti iye tí wọ́n jẹ lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà ní 21 sí òdo kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ayò kan já kulẹ̀.

Bí òní ṣe rí ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀ ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún, lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ti dífá yìí nígbà ogójì.

Ìyá Ìbejì, Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, àbúrò mi. Ọmọ Àyétòrò l'Óṣogbo ni mí, ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti wà níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa fún yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sunkún.

Orioles ti ìlú wa yìí pàdánù eré 21 àkọ́kọ́ wọn lọ́dún 1988. Mọ́kànlélógún, láìjẹ ẹyọ kan! Eré mẹ́fà péré ni kóòṣì wọn, Cal Ripken àgbà, lò kí wọ́n tó lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sì wà lórí pápá nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ ro ti ọmọ tó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì fún àwọn tó lé bàbá rẹ̀ níṣẹ́. Wọ́n gbé e fún Frank Robinson, òun náà pàdánù 15 kó tó rí ọ̀kan jẹ. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ni, ní Chicago, 9 sí òdo.

Èmi ò sí níbí nígbà náà. Bàbá kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ló sọ èyí tó tẹ̀ lé e fún mi: nígbà tí wọ́n padà délé lẹ́yìn gbogbo ìtìjú yẹn, èèyàn tó lé ní 50,000 ló wá pàdé wọn ní pápá. Bàbá náà wà níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n gba ife, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, èmi ń wò ó pé kí ló dé. Wọ́n parí ọdún yẹn pẹ̀lú 54, wọ́n pàdánù 107. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ 87, ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ni Toronto tó lé wọn kúrò lọ́nà.

Nítorí náà, wọ́n lè gbérí. Àmọ́ kì í ṣe nínú ọdún kan náà. Tẹ́tẹ́ yín, ti lọ. Ẹ kí Bàbá Ààrò fún mi. Àwa náà ò sinmi lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ tó jẹ 101 lọ́dún 2023 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ìpín tiwa báyìí.

Fìlà Ọ̀fẹ́

Bọ̀dá mi, èmi ni. Ẹ wá ń fi mí sùn níta.

Ẹ gbọ́ tẹnu mi. Denver wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà sójú òkun. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àtẹ̀gùn ilé méjì péré, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí ajá ọdẹ. Bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan gbá tí ì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́nà níbòmíì, níbí ńkọ́, ó ti fò kọjá ògiri. Èyí tí ajubọ́ọ̀lù jù pé kó yà lójú ọ̀nà, kì í yà dáadáa. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń kó bọ́ọ̀lù pa mọ́ sínú yàrá tó ní ọ̀rinrin kó má baà gbẹ jù, ó sì dín in kù díẹ̀. Ta ni ajubọ́ọ̀lù gidi tó máa fẹ́ wá síbí wá ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́? Òun ni Tíṣà ń wí.

Èkejì: kò sí pé ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ máa já sí líìgì kejì níbí. Ẹgbẹ́ 30 náà ni, ọdún dé ọdún lọ. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló wọ pápá Rockies lọ́dún 2024 tí wọ́n pàdánù 101. Èmi náà wà lára wọn. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ọtí ń tutù, àwọn ọmọ ń sáré kiri, ta ló ń wo iye ayò?

Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹgbẹ́ tó burú jù ló máa kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ sí i báyìí. Chicago White Sox tí wọ́n nà nígbà 121 lọ́dún 2024, òfin líìgì ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dá sí ìbò náà, ipò kẹwàá ni wọ́n bọ́ sí. Ìyà àjẹdànù.

Fìlà yẹn ò burú jàre, ó bá orí yín mu.

Ẹlẹ́búrẹ́dì Òkè-Báálẹ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ìwọ Fìlà Ọ̀fẹ́, a máa sọ̀rọ̀.

Mo ka ti Tíṣà sétí Bàbá Ààrò lóru àná. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ rántí yíìsì oṣù Kejì?" Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, fúláwà tí a bá pò máa ń lọ́ra láti wú, nítorí omi tutù. Á gbà á ní wákàtí mẹ́ta dípò ọ̀kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ṣí aṣọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á rí ihò wẹ́wẹ́ tó ń yọ, á gbóòórùn kíkan rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ọkàn á balẹ̀. Lóṣù Kejì yẹn, ẹnì kan tà wá ní yíìsì tó ti kú. A dúró wákàtí mẹ́ta. A fi kún un, a dúró di mẹ́rin. Mo ṣí aṣọ, mo ti ìka bọ̀ ọ́, ojú ìka dúró síbẹ̀ bí ẹni tẹ amọ̀. Kò sí ihò, kò sí òórùn. Àpò méjì la kó dànù, àwọn ìyá tó ń wá gba búrẹ́dì láago márùn-ún ààbọ̀ padà lọ lófìfo. Èmi ni mo sì ní ká dúró di wákàtí kẹrin o, Bàbá ti sọ ọ́ láti wákàtí kejì.

Nationals yẹn, omi tutù ni. Tiwa yìí, mo ti ti ìka bọ̀ ọ́.

Síbẹ̀ mo ṣì ń dé fìlà. Eré bí 120 ló kù, mi ò lè máa fi ojú kan wo iná ní gbogbo òru.

Ẹlẹ́búrẹ́dì Òkè-Báálẹ̀ (oṣù Kọkànlá 2025)

Mo padà wá jẹ́jọ́.

Rockies parí sáà: wọ́n jẹ 43, wọ́n pàdánù 119. Ó ku 18 kí n tó jẹ tẹ́tẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dì mú ni pé wọ́n fi eré méjì sàn ju White Sox ọdún 2024 lọ.

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín lórí ìbẹ̀rẹ̀ rere tún ṣẹ o. New York Mets ti jẹ 45 nínú eré 69 ní àárín oṣù Kẹfà, kò sí ẹgbẹ́ tó sàn jù wọ́n lọ nígbà yẹn. Wọ́n jó rẹ̀yìn, wọ́n jó rẹ̀yìn, títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà gan-an. Miami nà wọ́n 4 sí òdo lọ́jọ́ náà, wọn ò sì wọ ìdíje àṣekágbá. Toronto Blue Jays tó gbẹ̀yìn ìpín wọn lọ́dún 2024 ló bá Dodgers du ife dé eré keje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eré kẹta fún yín. Lẹ́yìn aago kan òru ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A to páànù, eré ń lọ. A kó ti àkọ́kọ́ jáde, eré ń lọ. Ó yẹ kó parí ní ìpele kẹsàn-án, ayò dọ́gba, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbá a lọ títí ẹnì kan á fi jẹ. Bàbá Ààrò jókòó sórí àpò fúláwà tó ṣófo, fóònù mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbàgbé láti yí páànù padà, búrẹ́dì ogún jóná lápá kan. Kò sẹ́ni tó bú wọn. Àwọn ìyá dé láago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n ń bèèrè pé ta ló ń ṣàìsàn tí Bàbá fi tẹjú mọ́ fóònù báyẹn. Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Freddie Freeman ti Dodgers tó gbá a kọjá ògiri ní ìpele kejìdínlógún. Bàbá ò pariwo nígbà náà pàápàá. Wọ́n dìde, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Alápò, ó dàárọ̀." Wọ́n lọ sílé.

Eré keje, Dodgers náà ló jẹ, 5 sí 4, ní ìpele kọkànlá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún wọn nínú oṣù Kẹta ló ṣe parí fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 93 péré ni wọ́n jẹ nínú sáà. Tíṣà, ẹ má tíì fèsì, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Ọkọ̀ fúláwà dé lánàá. Àpò 24. Bàbá gbé àpótí síta, wọ́n jókòó, wọ́n ń kà á sókè fún mi bí mo ṣe ń gbé e kọjá. Ní àpò kẹrìndínlógún wọ́n ní àwọn ò rántí iye tí àwọn ti kà mọ́.

Àbúrò mi pè lálẹ́. Ó ní òun ti rí fìlà Dodgers kan tó dáa, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.